Igun Mélòó ni Páálí Ìṣáná Ní?

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni òye ìrísí àti ipò, èyíinì ni agbára tí ènìyàn fi ń fi ojú inú wo nǹkan, tí ó sì fi ń mọ bí yóò ti rí láti ìhà mìíràn. Howard Gardner kà á mọ́ oríṣi òye méje nínú ìwé rẹ̀ ti 1983. Ní 2013, David Uttal, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 217. Wọ́n sì rí i pé ìdánrawò a máa mú òye yìí dàgbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni, nígbà náà.

Ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ kọ̀ńténà tí tírélà ń gbé jáde láti èbúté Àpápá. Páálí ìṣáná tí ó ṣófo lè dúró fún un. Kí olùkọ́ to mẹ́ta léra, kí ó fi ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ ya ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá wò ó láti òkè, onígun-mẹ́rin méjì tí ó dọ́gba ni wọn yóò yà. Ìgbà tí wọ́n bá wò ó láti iwájú ni wọn yóò tó yà á pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ.

Èdè-ìperí wa ni ìṣòro wà. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, “Igun mélòó ni páálí yìí ní?” ọmọ kan lè dáhùn pé 8, nítorí pé ṣóńṣó ni ó kà. Òmíràn lè ní 24: mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́fà. Àwọn méjèèjì ni ó gbà á. Bí olùkọ́ bá fagi lé ọ̀kan, ó jẹ ọmọ níyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀.

Ẹ̀yà ara ni Yorùbá fi ń sọ ipò: lórí, lẹ́yìn, nínú, létí, nídìí. Nítorí náà, a dábàá pé kí páálí ní ojú 6, etí 12 àti ṣóńṣó 8. Kí igun sì jẹ́ ti ibi tí ìlà méjì ti pàdé nìkan. Kí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ́ àtòkèwò, àtiwájúwò àti àtẹ̀gbẹ́wò.

Láti 1970, nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí, ni a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Kí iṣẹ́ náà lè tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ ru ẹrù méjì. Kí ẹ̀yin olùkọ́ dán àbá yìí wò, kí ẹ sì jẹ́ kí á gbọ́ èyí tí ó yọ àwọn ọmọ lẹ́nu.