Bí Kíbọ́ọ̀dù Aláìníwáyà Bá Yarí

Bí kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà ọ́fíìsì bá yarí, ẹ má tíì ní ká ra tuntun. Àpò gbogbo wa lowó rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ẹ yọ rìsífà kékeré tó wà lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tì í bọ ihò mìíràn: ihò USB 3.0 lè da ìgbì 2.4 GHz tí kíbọ́ọ̀dù ń lò rú.

Bó bá ṣì kọ̀, ó ku dráífà, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù fún kọ̀ǹpútà. Nínú Windows, ẹ fi máòsì ṣí Device Manager, kẹ́ ẹ wá orúkọ rẹ̀ lábẹ́ Keyboards. Ẹ yan Update driver. Bí kò bá gbọ́, ẹ yan Uninstall device, lẹ́yìn náà Restart. Windows yóò fi dráífà padà fúnra rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ìgbà náà ni ká tó sọ̀rọ̀ owó.