Ta Ni À Ń Pè Ní Ajẹ́rìíkú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a kì í sábà bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀: ajẹ́rìíkú. Lédè Gíríìkì tó ti wá, ẹlẹ́rìí lásán ni, bí ẹni tó lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Nígbà tó yá ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ẹni tó jẹ́rìí títí dójú ikú. Yorùbá tiwa ò fi bò rárá: jẹ́rìí, kí o sì kú.

Òfin àtijọ́ ni pé ẹni tó pa ọ́ gbọ́dọ̀ pa ọ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ. Ti Sítéfánù tí wọ́n sọ lókùúta kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú dípò ẹlòmíì, tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè Jésù ńkọ́?

Ẹ wo Maximilian Kolbe, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Pólándì. (Oníwèé ìròyìn ni bíi tiwa níbí, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1922.) Lọ́dún 1941, àwọn Násì ará Jámánì mú un, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Auschwitz, wọ́n sì fi nọ́ńbà 16670 rọ́pò orúkọ rẹ̀. Ní ìparí oṣù Keje, ẹlẹ́wọ̀n kan di àwátì. Ni ọ̀gá àgọ́ bá yan ọkùnrin mẹ́wàá pé kí ebi pa wọ́n kú. Ọ̀kan nínú wọn, Franciszek Gajowniczek, ń dárò ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Kolbe bá jáde lórí ìlà. Ẹ gbọ́ o, jíjáde lórí ìlà nìkan tó kí wọ́n yìnbọn fún èèyàn níbẹ̀! Ó ní àlùfáà lòun, òun ò níyàwó, òun ò lọ́mọ, kí wọ́n jẹ́ kóun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbà.

Wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀, kò sóúnjẹ, kò sómi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin ṣì wà láàyè, Kolbe wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ olóró. Ẹni ọdún 47 ni.

Ṣé ajẹ́rìíkú wá ni? Nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà sọ ọ́ di alábùkún ní 1971, kò kà á mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú. Ní 1982, Póòpù John Paul Kejì, tóun náà jẹ́ ọmọ Pólándì, sọ ọ́ di ẹni mímọ́, ó ní ajẹ́rìíkú ni. Ní 2017, Póòpù Francis la ọ̀nà mìíràn: ẹni tó bá fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹlòmíì nítorí ìfẹ́ lè di ẹni mímọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ajẹ́rìíkú. Èmi fara mọ́ ti John Paul. Àwọn tó kórìíra èèyàn tó báyẹn, ìgbàgbọ́ wo ni wọn ò kórìíra?

Àwọn kan máa ní ṣebí ó pa ara rẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Àwọn Násì ló pa á. Ẹnì kan máa kú lọ́jọ́ náà ṣáá, òun ló yan ẹni tó máa jẹ́.

Gajowniczek yè é. Nígbà tó fi máa padà sílé, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti kú sínú ogun; ìyàwó rẹ̀ ló bá láyé. Ó wà ní Róòmù lọ́dún 1982 lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Kolbe di ẹni mímọ́. Ọdún 1995 ló tó kú, ẹni ọdún 93.