Bí Alùpùpù Ṣe Di Ọkọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ouagadougou

Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, yálà ó jẹ́ tiwọn, tàbí ti òbí, tàbí ti ojúgbà tó gbé wọn sẹ́yìn. Èyí yàtọ̀ sí ti Cotonou àti Lomé, níbi tí àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò gba owó, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ti gba ìgboro kan.

Ìjọba ológun Thomas Sankara ló dá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Régie X9 sílẹ̀ lọ́dún 1984, ṣùgbọ́n nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba ètò àtúntò ọrọ̀ ajé lọ́dún 1991, ìyẹn àdéhùn pẹ̀lú àwọn ayánilówó àgbáyé pé kí ìjọba dín ìnáwó kù kí ó sì yọwọ́ nínú òwò, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. SOTRACO, tó ń kó èrò lónìí, kò dé títí di ọdún 2003, bẹ́ẹ̀ ìlú kò dúró dè é: àwọn olùgbé tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù lọ́dún 1985 ti lé ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó nígbà ìkànìyàn ọdún 2019. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní non-loti, ìyẹn ibi tí ìjọba kò tíì wọn ilẹ̀ rẹ̀ pín, tí títì ọlọ́dà kò dé, tí bọ́ọ̀sì kò sì lè wọ̀. Takisí aláwọ̀ ewé tí èrò ń jùmọ̀ wọ̀ kì í sábà kúrò lójú títì ńlá, owó rẹ̀ lálọ-lábọ̀ sì wúwo fún ọmọ tálákà.

Alùpùpù ló wá dí àlàfo yìí. Àwọn Peugeot àti Yamaha tí wọ́n ń tò ní Bobo-Dioulasso ló gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gé iye CFA, owó tí orílẹ̀-èdè náà ń ná, sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, ọjà sì gbówó lórí gan-an, títí alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà fi dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ní iye tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè san. Ẹni tí kò ní ń bá ẹni tó ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwà ọmọlúàbí tó yẹ ká yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í dé akoto.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìrìnnà akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti le jù ni Gonsé, níbi tí wọ́n kọ́ ọgbà Yunifásítì Thomas Sankara sí, ní ohun tó lé ní ogún kìlómítà sí àárín ìlú, lójú ọ̀nà Fada N'Gourma tí ọkọ̀ ẹrù ńláńlá ń gbà. Kẹ̀kẹ́ kò lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ san lára owó bọ́ọ̀sì, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó kò wúlò fún ẹni tí bọ́ọ̀sì kò dé àdúgbò rẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ la ọ̀nà wọ àwọn non-loti, kí wọ́n sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì Gonsé pọ̀ tó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.