Àna Ọba Láyé Ming: Ta Ló Ní Wọn Ò Rọ́wọ́ Mú?

Ẹ̀rù àna kì í ṣe tuntun láàfin Ṣáínà. Láyé ìjọba Han, inú ẹbí ìyá ọba ni Wang Mang ti jáde tó fi gbàjọba ní ọdún 9. Abájọ tí Zhu Yuanzhang, tó dá ìjọba Ming sílẹ̀ ní 1368, fi ṣòfin pé ọba ò gbọdọ̀ gba ọmọbìnrin tí ìjòyè ńlá bá fà kalẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ṣì fẹ́ ọmọ àwọn ọ̀gágun fún àwọn ọmọ tirẹ̀ o. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń wá aya lọ sílé àwọn ọmọ ogun kéékèèké àti mẹ̀kúnnù.

Àwọn òpìtàn kan ṣì ń kan sáárá sí ọgbọ́n yìí: wọ́n ní àna kankan ò gbàjọba lọ́wọ́ Ming. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni agbára tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àna gbà lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn ìwẹ̀fà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí, àwọn yìí kan náà ló sì ń yẹ àwọn ọmọge wò kí wọ́n tó dé iwájú ọba.

“Mẹ̀kúnnù” yìí náà gba àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdílé ológun tó ti nípò díẹ̀. Àmọ́ bíríkìlà kan wà lóòótọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ ààfin, tó bí ọba, tí bàbá sì di olóyè. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ aṣọ òtútù játijàti tí wọ́n kó fún àwọn ọmọ ogun kàn án. Wọ́n bá a wí, ó parí.

Oyè, ipò orúkọ lásán nínú ẹ̀ṣọ́ ọba, ilẹ̀, ìwé àṣẹ òwò iyọ̀: àwọn ohun tí àna ń gbà nìyẹn. Nígbà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n dá sọ́rọ̀ ìlú, kí ló kù tí wọn ì bá ṣe bí kò ṣe kí wọ́n máa kówó jọ? Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jẹ́ ayaba fi ojú ará Beijing rí màbo. Nígbà tí ọba tí ẹ̀gbọ́n wọn ò bí gorí ìtẹ́, ọ̀kan kú sẹ́wọ̀n, wọ́n bẹ́ èkejì lórí.

Ní 1529, Ọba Jiajing pàṣẹ pé oyè àna kì í ṣe ogún mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kan àna tiwọn, àwọn ọba ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbójú fo àṣẹ náà. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ súnmọ́ Beijing ní 1644, ọba ìgbà náà bẹ bàbá ìyàwó rẹ̀ pé kó dáwó ogun. Àna náà ní òun ò lówó, ó sì mú ìwọ̀nba díẹ̀ wá. Fàdákà rẹpẹtẹ ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé.