Òfì Ló Ṣáájú Ọkọ̀: Nínú Ilé Bíríkì Pupa Toyota ní Nagoya

Ẹni tó bá tìtorí mọ́tò wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Toyota ní Nagoya, òfì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ga ju ènìyàn lọ, ó rí roboto, irin ni wọ́n fi ṣe é, òun nìkan ló sì dúró láàárín gbọ̀ngàn àbáwọlé. Kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí rẹ̀. Ọdún 1906 ni Sakichi Toyoda, bàbá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́tò Toyota, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú òfì yìí. Nínú òfì tí gbogbo ayé mọ̀, ọkọ̀ òfì a máa sáré láti ọ̀tún lọ sí òsì, a sì tún padà. Nínú tiẹ̀, ńṣe ni òwú ìdábùú ń yí po láìsinmi. Òfì yìí kọ́ ló mú owó wọlé fún un, síbẹ̀ òun ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ yàn láti fi kí àlejò, mo sì rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí wà ní àdúgbò Noritake-shinmachi ní Nagoya, ìrìn díẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Sako. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹbí Toyota ló pawọ́ pọ̀ ṣí i ní ọdún 1994. Wọn ò wó ilé àtijọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Orí ilẹ̀ yìí ni Sakichi kọ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ sí ní 1911, ògiri bíríkì pupa ti ìgbà náà ló sì yí àlejò ká títí di òní. Bí mo ti wọ gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ìhunṣọ ni òórùn òróró ẹ̀rọ gbà mí nímú. Àwọn ẹ̀rọ náà kò kú. Wọ́n ń ran òwú, wọ́n ń hun aṣọ, ariwo wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé tó wà níwájú mi, pẹ̀lú fìlà pupa rúsúrúsú lórí, fi ọwọ́ bo etí tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Sakichi. Wọ́n bí i ní 1867 ní abúlé Yamaguchi, tó ti di ara ìlú Kosai báyìí. Àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ ń hunṣọ nílé, ó rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń pá wọn lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfì palẹ̀, ó ń tún un tò. Ní 1890, ó lọ sí ibi ìpàtẹ ẹ̀rọ ńlá kan ní Ueno ní Tokyo, ó sì ń lọ wo àwọn ẹ̀rọ náà léraléra. Òfì onígi tó ṣe lẹ́yìn náà wà níbí, ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì jáde ní 1891. Mo dúró tì í pẹ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀: ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ ń ju ọkọ̀ òfì, àsà ń gbá òwú mọ́ra. Ohun tí Sakichi ṣe ni pé ó wá ọ̀nà tí ọwọ́ kan ṣoṣo yóò fi ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ méjèèjì ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfì tí mo tìtorí rẹ̀ wá wà níwájú díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Type G, 1924 ni wọ́n parí rẹ̀. Bí òwú inú ọkọ̀ òfì bá fẹ́ tán, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ti òmíràn bọ ibẹ̀ láìdẹwọ́. Arábìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tan ẹ̀rọ náà fún wa, aṣọ funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i lójú wa. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àárín àwọn òwú tó nà gbọọrọ, ó já fọ́nrán kan. Òfì náà dúró lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló sọ Toyota di Toyota, ibi òwú tó já yìí ni n ó mú un wá. Kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé, bí òwú bá já, òfì a máa hun lọ ni, aṣọ a sì bàjẹ́ ní ọ̀pá dé ọ̀pá kí ojú ẹnikẹ́ni tó tó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ènìyàn ṣọ́ ẹ̀rọ. Sakichi yí ọ̀rọ̀ náà padà: kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ mọ́ òwú kọ̀ọ̀kan. Bí òwú bá já, irin náà á jábọ́, ìjábọ́ rẹ̀ ló sì ń dá ẹ̀rọ dúró. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè wá bójú tó ọgbọ̀n òfì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá rí òfì tó dúró mọ ibi tí wàhálà wà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fún gbogbo ayé látọjọ́ pípẹ́, ló tún wá ra ọgbọ́n yìí. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham gbà láti san 100,000 pọ́n-ùn fún ẹ̀tọ́ láti máa ṣe irú òfì náà. Sakichi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan mú wa lọ sí apá ti mọ́tò, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ Kiichiro ti gba ìtàn náà lọ́wọ́ bàbá. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, ó sì ti rin Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1933, inú ilé iṣẹ́ òfì tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Kariya ní 1926 ni ó ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún mọ́tò. Nígbà náà Ford àti General Motors ti ní ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní Jàpáànì, wọ́n sì ń tà á bí ẹni ń ta iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ aláṣọ yìí kò lè lọ síbi kankan.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ilé náà ni ibi tí wọ́n ti fi ère ènìyàn ṣàfihàn iṣẹ́ ìgbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ba lé páànù irin, wọ́n ń fi òòlù gbá a mọ́ igi títí yóò fi yọ sí ìrísí ara ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì wà. Èyí ló fẹ́ẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ihò inú bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì pọ̀, ó sì ta kókó. Bí wọ́n bá da irin yíyọ́ sínú ẹ̀dà rẹ̀ tó gbẹ, á sán tàbí kí ó lu. Wọ́n da á, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n tún un yọ́. Ẹ́ńjìnnì Chevrolet kan tí wọ́n tú palẹ̀ ni wọ́n ń wò kọ́ṣẹ́. Ní 1934 ni ẹ́ńjìnnì tiwọn, Type A, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di 1935 ọkọ̀ ìdánwò A1 àti ọkọ̀ akẹ́rù G1 jáde.

G1 náà dùn wọ́n. Ó máa ń kú sójú ọ̀nà. Wọ́n tà á fún ènìyàn díẹ̀ tí kò jìnnà sí wọn, kí mẹkáníìkì wọn lè tètè dé ibi tó bá ti kú. Àbùkù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sí ilé iṣẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé Toyota kì í bàjẹ́ wá síbí wá wo G1 yìí. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sójú títì lọ́pọ̀ ìgbà ni.

Ọkọ̀ tó jáde ní 1936 ni AA, èyí tí ìdílé lè wọ̀. Èyí tó ń dán yinrin níbí kì í ṣe ti ìgbà náà, wọ́n tún un ṣe ni. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù tí wọ́n mọ̀, Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bá a, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louwman ní Netherlands báyìí. Nínú ọkọ̀ AA bí 1,400 tí wọ́n ṣe, kò sí ọ̀kan tó kù sọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Ní 1937 ni Toyota Motor dá dúró bí ilé iṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá ní Koromo, ìlú tó gba orúkọ Toyota ní 1959. Ibẹ̀ ni Kiichiro ti pàṣẹ pé kí ohun èlò kọ̀ọ̀kan dé ní àkókò tí wọ́n fẹ́ lò ó, kí ó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun ba ètò náà jẹ́. Lẹ́yìn ogun, owó wọ́n, ọkọ̀ kò tà, gbèsè sì gun ilé iṣẹ́ náà lórí dé ibi tí àwọn báńkì fi ní kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1950, Kiichiro fi ipò sílẹ̀, ó gbé ẹ̀bi náà lé ara rẹ̀ lórí. Kí oṣù náà tó parí, ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀, ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Toyota. Owó tó ń wọlé wá pọ̀, ṣùgbọ́n Kiichiro kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń múra láti dá a padà sípò nígbà tó kú ní 1952, ẹni ọdún 57. Ó ká mi lára, n kò ní parọ́.

Ẹni tó so òwú bàbá mọ́ ìṣètò ọmọ ni Taiichi Ohno, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Toyoda kó tó wá sí ti mọ́tò. Ó sọ pé bí òfì bá lè dúró nígbà tí òwú bá já, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ kò lè dá ìlà iṣẹ́ dúró nígbà tó bá rí àbùkù? Wọ́n ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ohun tí kò tọ́ á fa okùn, iná á tàn, ọ̀gá á sáré dé, bí wọn ò bá sì rí i tún ṣe lójú ẹsẹ̀, ìlà á dúró. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò láyé ìgbà náà, dídá ìlà dúró jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Níbí, ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́ tó sì dákẹ́ ló ṣẹ̀. Mo ń ronú èyí lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ irin gàgàrà kan tí agbára rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 600, àwọn ọmọ iléèwé náà sì ti yí i ká.

Gbọ̀ngàn àwọn ọkọ̀ ló kàn. Crown ti 1955 rẹwà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 1957, kò lè bá àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀ yí i, wọ́n sì dá a dúró ní 1960. Wọ́n padà sílé lọ ṣiṣẹ́. Corolla dé ní 1966. Nígbà tó di 2021, wọ́n ti ta ju mílíọ̀nù 50 lọ.

Níwájú Corolla ni mo ti rí ara wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A tún fún Camry, ọkọ̀ Toyota mìíràn, lórúkọ bí ẹni ń sọmọ lórúkọ: Orobo, Big Daddy, Muscle. Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, fi títa ọkọ̀ Toyota kọ́ ilé iṣẹ́ Elizade. Síbẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló gbé orúkọ Toyota lékè láàárín wa ju ọkọ̀ tuntun lọ. Ọkọ̀ tí ará Amẹ́ríkà ti lò gbó la tún ń lò fún ọdún mẹ́wàá sí i, lórí ọ̀nà tó ní kòtò, pẹ̀lú sípéà páàtì láti ọjà Ládípọ̀, lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tinú tòde. Kò sí ìpolówó ọjà tó lè ṣe irú ìyẹn.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ọdún 2009 àti 2010 ṣe dùn mí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ kan ń sáré tí wọn ò gbọ́ bíréèkì mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ní ti àwọn mìíràn ibi ìtẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń lẹ̀. Ènìyàn kú. Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ Kiichiro, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2010, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́ náà ti yára jù. Ní 2014, Toyota gbà láti san 1.2 bílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà torí pé kò sọ òtítọ́ fún àwọn oníbàárà nípa ewu náà. Fún èmi, àbùkù inú irin kọ́ ló burú jù níbẹ̀, torí irin lè ní àbùkù. Àwọn kan rí òwú tó já, wọ́n sì jẹ́ kí òfì máa hun lọ.

Kò sì tíì parí síbẹ̀. Ní ìparí 2023, Daihatsu, tó wà lábẹ́ Toyota, jẹ́wọ́ pé òun ti ń yí àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan Toyota Industries, ilé iṣẹ́ òfì ti Kariya gan-an: wọ́n ti ṣe màgòmágó nínú àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì dísù tó wà nínú Hilux àti Land Cruiser. Lọ́jọ́ kejì, Akio kó àwọn olórí ilé iṣẹ́ ẹbí náà jọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. Inú ilé bíríkì pupa yìí ló ti ṣe é. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ó kan Toyota Motor fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀ méje ni kò bá òfin mu. Wọ́n dá ṣíṣe Corolla Fielder, Corolla Axio àti Yaris Cross dúró ní Jàpáànì, wọn ò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ kọ́ ló fa okùn.