Níbo Ni Ojú Kọ́kọ́ Ń Dé Nínú Fọ́tò?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mú fọ́tò kan wá láti inú àwọn tí ó wà nílé yín. Ẹ wò ó fìrí, kí ẹ sì dijú. Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Bí kì í bá ṣe ẹni tí a torí rẹ̀ ya fọ́tò náà, iṣẹ́ onífọ́tò kò pé.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó kù tí a fi ń rántí bàbá wa ní Morógbo níbí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n yà á. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí fọ́tò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé èjìká wọn. Ohun tí ó wà láàárín gbùngbùn ni dúrọ́ọ̀mù pupa tí a pọn omi àlùwàlá sí, oòrùn ń tàn yanran sí i lára. Nígbà tí mo fi han ọmọ mi tí kò bá wọn láyé, ó ní, "Bàbá, dúrọ́ọ̀mù ta nìyí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù, tàbí àwọ̀ tí ó dá yàtọ̀, ni ojú máa ń sáré lọ.

Àwọn àgbà onífọ́tò ilẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó wo iṣẹ́ wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ohun tí ó kọ jáde ní 1978: àgbàlagbà á jókòó gbagidi, á kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ á wà lórí itan, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, odindi ara á sì hàn. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìjókòó yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ìka tọ etí agbádá náà ní apá méjèèjì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ojú bàbá ni ẹ ó já sí.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó kú ní 2014, gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, láti ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà, ní dúdú àti funfun. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn, nítorí náà ojú kò rí ibòmíràn sá sí. Ní Bamako, Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, a máa ta aṣọ aláràbarà sẹ́yìn oníbàárà tí aṣọ tirẹ̀ náà kún fún òdòdó. Ojú ènìyàn nìkan ni kò ní ọnà lára, òun ni ó sì yọ.

Fóònù yín lè ṣe èyí pẹ̀lú. Ní etí ọ̀sà, ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró síbi tí imú ọkọ̀ ojú omi kọ sí. Bí ó bá ń wo ọ̀tún, ẹ fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún. Ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí òpó iná má baà hù lórí rẹ̀ bí ìwo!

Nígbà tí a tún sọmọ lórúkọ nílé wa, dúrọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé àga fún ìyá wa sí ẹnu ọ̀nà, òkùnkùn yàrá wà lẹ́yìn wọn, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì bà lé wọn lójú.