Ọ̀sìn ewúrẹ́, adìyẹ àti ehoro: Ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀ kó tó wọ ọjà

Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn dé àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí kó má bá ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tàbí ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé tí kò rí iṣẹ́, tó ń sọ pé òun fẹ́ẹ́ máa sin ẹran. Èrò náà dára. Ohun ọ̀sìn kéékèèké kò gba ilẹ̀ púpọ̀, kò sì pọn dandan kí èèyàn kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn ni pé owó ìfẹ̀yìntì yóò di ewúrẹ́ 20 tàbí òròmọdìyẹ 200, nígbà tí yóò bá sì fi pé oṣù méjì, ọgbà ti dá wáí. Ẹlẹ́ran yóò ní ayé ló ṣe òun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fẹ̀sùn kan aládùúgbò wọn pé ó fún ẹran àwọn ní májèlé jẹ, ìjà a sì dé láàárín àwọn tó ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, àrùn tó pa àwọn ẹran wọ̀nyí ti wà lára èyí tí wọ́n rà ní tuntun kó tó wọlé, àrùn ọ̀hún sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à bá ti fi dènà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn ní láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nílé kó tó mú owó lọ sọ́jà: oúnjẹ ẹran wo ló wà nítòsí òun, àrùn wo ló ń pa irú ẹran bẹ́ẹ̀, ta sì ni yóò rà á lọ́wọ́ òun?

Ẹran wo ló bá ibi tí a wà mu?

Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀ láìfi ara ni ara. Kò ga, kò wúwo, kò sì yan oúnjẹ láàyò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lára rẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ nínú igbó ilẹ̀ wa débi pé ara rẹ̀ lè gba àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń tàn kálẹ̀ mọ́ra. Ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń kó wá láti Sókótó àti àwọn tó ga tí wọ́n ń ti etí aṣálẹ̀ wá kò ní irú okun bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tóbi lójú, kí ẹran wọn sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè igbó kò gbọdọ̀ tìtorí ìtóbi wọn yan wọn láti máa fi bímọ.

Ní ti oúnjẹ, èèpo gbágùúdá, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eèrí àgbàdo wà káàkiri. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ti rí oúnjẹ ewúrẹ́. Àmọ́ kò yẹ kí èèyàn da èèpo gbágùúdá tútù sílẹ̀ fún ẹran, nítorí oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Kí a sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa ni oró náà tó ń dínkù, kí a sì wò ó kí olú má baà ta sí i. Ewé àgùnmániyè, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ ọgbà, wúlò gan-an fún ewúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà, ILCA, ṣiṣẹ́ lórí ewé yìí láti Ìbàdàn, wọ́n sì ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti gbìn ín sáàárín ebè, kó lè máa sọ ilẹ̀ dọ̀tun, kó sì máa bọ́ ẹran.

Adìyẹ ń yára mówó wọlé ju ewúrẹ́ lọ, ó sì ń yára jẹ ẹ́. Adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran máa ń tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí a ń sìn fún ẹyin máa ń tó bí oṣù márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni yóò sì fi máa jẹun láìmú nǹkan kan wọlé. Oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó tí a ń ná lórí adìyẹ agọ́, àgbàdo tí adìyẹ ń jẹ yìí náà sì ni èèyàn ń jẹ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì ní owó oúnjẹ wọn lọ́wọ́ títí di ọjọ́ tí wọn yóò tó tà kò tíì ní owó adìyẹ, bó tilẹ̀ ti ní owó òròmọdìyẹ. Adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú àkùkọ kan, tí wọ́n ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí a sì ń fi àgbàdo díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, ni ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n.

Ehoro dára fún ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé kékeré lọ. Kì í pariwo, ewé yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Ṣùgbọ́n ooru lè pa á kíákíá, nítorí náà abẹ́ igi tàbí ibòòji tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni àgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń fi àwọn tó ti dàgbà sínú àgò, nítorí àwọn akọ a máa jà. Bí ó bá sì tó àkókò láti gùn, abo ni a ń gbé lọ sí àgò akọ. A kì í gbé akọ lọ bá abo, nítorí abo lè bá àlejò jà nínú ilé rẹ̀. Ìṣòro ehoro wà níbi títà. Kì í ṣe gbogbo ọjà ló ti ń tà bíi adìyẹ, nítorí náà kí olùbẹ̀rẹ̀ ti mọ ilé oúnjẹ tàbí àwọn oníbàárà tí yóò máa rà á kí ọmọ tó kún àgò.

Ní ti ìgbín àti ọ̀yà, wọ́n lérè, ṣùgbọ́n wọ́n gba sùúrù. Ìgbín kì í yára dàgbà, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tútù nígbà gbogbo. Oyún ọ̀yà ń tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, ìwà igbó kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Ó sàn kí ọwọ́ ti kọ́kọ́ mọ́ iṣẹ́ ọ̀sìn kí èèyàn tó dé ìdí wọn.

Kátà àti lùkúlùkú

Àrùn tó ń pa ewúrẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa ni èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní kátà, tí àwọn onímọ̀ sì ń pè ní PPR. Ní ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Ẹran tó bá ti kó o, ara rẹ̀ a gbóná, omi a máa jáde lójú àti nímú rẹ̀, omi náà a sì wá ki bí ikun. Egbò a yọ sí i lẹ́nu débi pé kò ní í lè jẹun mọ́, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀lé e, yóò máa wúkọ́, yóò sì máa mí gúlegúle. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, púpọ̀ nínú wọn ti kú. Nítorí pé gbogbo wọn ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn èèyàn fi ń rò pé májèlé ni. Kátà kì í ran èèyàn, kò sì sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Oògùn tí dókítà ẹranko ń lò nígbà náà kàn ń dènà àwọn àrùn mìíràn tó ń gun orí rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dájú. Ara kòkòrò kátà kan tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní ọdún 1975 ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Nigeria 75/1 káàkiri àgbáyé. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, lábẹ́ awọ, ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, NVRI, tó wà ní Vom nítòsí Jos láti ọdún 1924, ń ṣe é nílẹ̀ wa. Àrùn ńlá tó ń pa màlúù láyé àtijọ́, tó jẹ́ ẹbí kátà, ti dópin láyé. Ọdún 2011 ni wọ́n kéde bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àjọ FAO àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹranko ti fi ọdún 2030 ṣe gbèǹdéke tí àwọn fẹ́ẹ́ fi lé kátà náà lọ.

Ohun tí kátà jẹ́ sí ewúrẹ́ ni lùkúlùkú jẹ́ sí adìyẹ. Òun ni àwọn aláwọ̀ funfun fi orúkọ Newcastle pè, nítorí pé ó jà ní ìlú yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1926. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń le jù nílẹ̀ wa. Adìyẹ a máa yàgbẹ́ àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a wọ́, ẹsẹ̀ a rọ, ilé adìyẹ a sì dá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àjẹsára tiwọn kò le láti lò: oríṣi kan wà tí a ń kán sí wọn lójú, òmíràn sì wà tí a ń pò mọ́ omi mímu. Bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa èyí tó ṣẹ́kù jẹ tàbí kó sáré kó wọn lọ tà, nítorí àrùn ọ̀fìnkìn adìyẹ tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006 lè ran èèyàn, ó sì tún padà wá ní ọdún 2015. Dókítà ẹranko ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Yíyan ẹran lọ́jà

Ibi tó dára jù láti ra ẹran àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ọlọ́sìn tí a mọ agbo rẹ̀, tó sì lè sọ ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́. Ní ọjà ńlá bíi Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹran láti ibi púpọ̀ ló ń pàdé lójú kan, ó sì ti rẹ àwọn mìíràn láti ojú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọjà la ó ti rà á, kí ojú ẹran mọ́ kedere, kí imú rẹ̀ má ṣe yọ ikun, kí irun rẹ̀ dán, kí ìdí rẹ̀ gbẹ láìsí ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a mú un rìn, bóyá ó ń tiro. Kí a wo ọmú abo, bóyá méjèèjì pé láìle kokooko. Kí a la ẹnu rẹ̀: bí eyín ńlá méjì bá ti yọ níwájú ìsàlẹ̀, ó ti lé ní ọdún kan. Èyí tó dá dúró sí kọ̀rọ̀ kan tí kò jẹun, kí olówó rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ẹ́ ta á ní ìdajì owó, kò dára láti gbé wálé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹran tuntun kò gbọdọ̀ wọ àárín àwọn tó ti wà nílé lọ́jọ́ tó dé. Kí a yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbi tí kò ti ní í fi imú kan àwọn ìyókù, tí wọn kò sì jọ ń mu omi kan náà. Àwọn tó wà nílé ni kí a kọ́kọ́ bọ́, kí a tó wá bọ́ àlejò. Bí àrùn bá fara pamọ́ sí i lára, láàárín àkókò yẹn ni yóò fara hàn, ẹran kan ni a ó sì pàdánù dípò odindi agbo. Nínú gbogbo ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ lè ṣe, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí.

Ilé ewúrẹ́ kò ní láti jẹ́ ààfin. Kó ṣáà gbẹ, kí òjò má ṣe wọ̀ ọ́, kí atẹ́gùn sì rí ọ̀nà gbà. Ilé tí a fi pákó tẹ́ nílẹ̀ ní gíga díẹ̀, tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ fi lè máa jò sílẹ̀, ló dára jù. Ìgbẹ́ náà kò sì ní í ṣòfò, nítorí ajílẹ̀ gidi ni fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo.

Ìgò abẹ́rẹ́ kan, ilé mẹ́wàá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ẹni tó ní ẹran mẹ́ta péré ni pé ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ń tó ẹran púpọ̀. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e, bí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ fi wà. Kò sí dókítà tí yóò fẹ́ẹ́ ṣí ìgò ńlá nítorí ewúrẹ́ mẹ́ta kó sì da ìyókù nù. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ẹran ẹ̀yìnkùlé fi ń kú láìgba abẹ́rẹ́ rí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ilé mẹ́wàá tàbí ogún tó ń sin ẹran ládùúgbò fi ẹnu kò, kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n sì pe dókítà láti ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ló dára jù. Ó tún ní èrè mìíràn: bí ẹran aládùúgbò bá ti gba abẹ́rẹ́, kò ní í kó kátà ràn tẹni.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí kò nílò láti ra ẹran 20. Ewúrẹ́ ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó lè bímọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì, ìbejì sì wọ́pọ̀ fún ewúrẹ́ kúkúrú. Abo méjì péré lè fún ọlọ́sìn ní ọmọ bíi 10 tàbí 12 láàárín ọdún méjì, bí kátà kò bá jẹ́ kí ó máa ka òkú. Kí ó kàn rántí láti pààrọ̀ òbúkọ kó má baà gun àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Owó ìfẹ̀yìntì kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ewúrẹ́ méjì tó yè sì sàn ju ogún tó kú lọ.